Ṣé Lóòótọ́ Ni Oró Ejò Ń Mú Ẹ̀jẹ̀ Dì?

Ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, pàápàá ní àkókò tí a ń ṣa kajú, kò sí ọdún tí n kì í gbọ́ ọ ní oko pé: "Oró ti mú ẹ̀jẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ dì, ẹ fi abẹ sín in, kí ẹ̀jẹ̀ dúdú yẹn lè jáde." Ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí, nítorí pé òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, òótọ́ díẹ̀ yìí gan-an ni ó sì ń ti abẹ sí wọn lọ́wọ́.

Ẹ wo bí àwọn ìyá Fúlàní ṣe ń ṣe wàrà. Bí wọ́n bá da omi ewé bomubomu sínú mílíìkì màlúù lórí iná, mílíìkì á dì. Bí wọ́n bá sì kó wàrà kúrò, omi lásán ni yóò ṣẹ́kù. Kò sí iye bomubomu tí a lè tún dà sí omi yẹn tí yóò mú un dì mọ́, nítorí ohun tí ń dì nínú rẹ̀ ti tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ oró Echis ocellatus rí, ejò kékeré kan ní ìdílé paramọ́lẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ ọ̀dàn Nàìjíríà. Pròtíìnì kan nínú oró rẹ̀ a máa ru prothrombin, èròjà kan inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ dídì, sókè, èyí náà a sì máa sọ fibrinogen, ìyẹn ohun tí ń dì nínú ẹ̀jẹ̀, di àwọn fọ́nrán tín-ín-rín tí ẹ̀jẹ̀ fi ń dì. Bí ara ti ń tú àwọn fọ́nrán náà ká ni oró ń mú kí òmíràn ṣù, títí fibrinogen yóò fi tán láàárín wákàtí mélòó kan. Pròtíìnì mìíràn nínú oró kan náà a sì máa ba ara iṣan ẹ̀jẹ̀ jẹ́. Ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ yóò máa jò láti èrìgì àti láti ojú ibi tí ejò ti bu ẹni náà jẹ, láìdá. Ẹni tí ó bá wá sín in ní gbẹ́rẹ́ ti la ojú ìjò mìíràn fún un.

Àwọn kan á ní àwọn ti sín ẹnì kan rí, tí kò sì kú. Ejò wo ni ó bù ú jẹ? Ṣé ó tu oró sí i lára? Ejò olóró a máa buni jẹ nígbà mìíràn láìtu oró kankan. N kò sọ pé bákan náà ni gbogbo oró: ti sèbé kì í sábà dá ẹ̀jẹ̀ láàmú bẹ́ẹ̀, ejò kan sì wà ní erékùṣù Martinique tí oró rẹ̀ ń mú ẹ̀jẹ̀ dì dí iṣan lóòótọ́. Ṣùgbọ́n abẹ kò wúlò fún ìkankan nínú wọn, bẹ́ẹ̀ ni okùn tí a ń so mọ́ ẹsẹ̀ pinpin. Ẹ má ṣe jẹ́ kí aláìsàn fi ẹsẹ̀ náà rìn. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Níbẹ̀, wọn yóò fa ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó mọ́, tí ó sì gbẹ, wọn yóò fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 20, wọn yóò sì dà á tẹ̀. Bí ó bá ń ṣàn bí omi, abẹ́rẹ́ tí ń pa oró ejò ló kàn. Lẹ́yìn wákàtí 6 ni wọ́n ń tún un yẹ̀ wò, nítorí ẹ̀dọ̀ nílò àkókò láti ṣe fibrinogen tuntun. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wá dúró sí ìdí ìgò bí ẹ̀kọ tí ó ti tutù, a jẹ́ pé apá oògùn ti ká oró náà nìyẹn.