Iyọ̀ ò lè di aró mú: bí àdìrẹ ṣe ń ti ẹ̀yìnkùlé dé ọwọ́ kọ́sítómà orí fóònù

Ti pèèjì ṣíṣí lórí Instagram, ti orúkọ òwò tí wọ́n máa fi sílẹ̀ ní CAC, ti lógò àti orúkọ tó máa dùn lẹ́nu, ìyẹn ò le. Ẹni tó bá ní fóònù àti sùúrù díẹ̀ á ṣe é, ẹ jẹ́ ká fò ó jàre. Ibi tí ọjà aláró tó ń ṣiṣẹ́ nílé ti ń dára tàbí ti ń bàjẹ́, inú báfù omi ni, lẹ́yìn tí aṣọ ti jáde nínú aró, tí gbogbo èèyàn rò pé iṣẹ́ ti parí.

Àyè tí iṣẹ́ yìí ń gbà ò pọ̀. Ẹ̀yìnkùlé tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, omi tí kò jìnnà, okùn tí wọ́n máa sá aṣọ sí níbi tí oòrùn ò ti ní máa jó o, àti àpótí tó ní kọ́kọ́rọ́ fún kẹ́míkà torí àwọn ọmọdé. Omi aró tí wọ́n bá lò tán ò gbọdọ̀ dé ìtòsí kànga. Ike ńlá tàbí irin tí kì í dípata ni wọ́n fi ń po aró, alumíníọ̀mù ò gbọdọ̀ débẹ̀ rárá, torí kọ́sítíìkì sódà, kẹ́míkà tí wọ́n ń pò mọ́ aró, á máa jẹ ẹ́, á máa hó, gáàsì tó lè gbaná á sì máa jáde. Sódà ni wọ́n ń rọra dà sínú omi, wọn kì í bu omi lé sódà lórí o, ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, ó lè ta sí i lójú, ìbọ̀wọ́ rọ́bà ò sì ní gba ojú là. Ìkòkò tó bá sì ti fojú kan aró, kò tún pa dà sídìí ọbẹ̀ mọ́, ẹ má sọ pé ẹ ti fọ̀ ọ́ dáadáa.

Aṣọ òwú funfun ni wọ́n ń lò. Kí wọ́n tó rẹ ẹ́, wọ́n á ti dí ibi tí wọn ò fẹ́ kí aró dé: oníko ń fi ìko dì í, alábẹ́rẹ́ ń rán an, ẹlẹ́kọ ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀kọ láfún sí i lára, wọ́n á sì ti po álọ́ọ̀mù díẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ náà, alábẹ́là ń fi fóòmù tó ti gé ní bátànì tẹ àbẹ́là gbígbóná mọ́ ọn. Ibí yìí ni gbogbo èèyàn máa ń ya fídíò sí, torí ó dùn-ún wò. Àmọ́ ohun tó ń yani lẹ́nu ò tíì bẹ̀rẹ̀.

Aró búlúù tí wọ́n fi ń ṣe àdìrẹ, bó ṣe wà ní ìyẹ̀fun, kì í yòrò lómi. Ẹ rò ó títí ilẹ̀ á fi ṣú, á kàn máa léfòó ni tàbí kó rọ̀ sísàlẹ̀. Ohun tí ò yòrò ò sì lè wọnú òwú. Ìdí tí wọ́n fi ń da sódà àti kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní háídírọ́ọ̀sì sí i nìyẹn. Háídírọ́ọ̀sì á gba ọ́síjìn inú omi, á sì pa aró náà dà, sódà á jẹ́ kó yòrò, omi tó jẹ́ búlúù á wá yí sí àwọ̀ ewé tó fẹ́ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Inú omi yẹn ni aṣọ ti ń mu aró. Tí wọ́n bá fà á jáde, àwọ̀ ewé ni, ẹni tí ò mọ̀ á ní iṣẹ́ ti bàjẹ́. Àfi bí atẹ́gùn bá kàn án, etí ẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú, lẹ́yìn náà àárín, títí gbogbo ẹ̀ á fi di búlúù lójú ẹni tó ń wò ó.

Ẹ ronú agbádá. Aró dà bí bàbá kan tó wọ agbádá aláṣọ púpọ̀, ẹnu ọ̀nà tó fẹ́ gbà wọlé sì há gan-an. Háídírọ́ọ̀sì ló ń bá a bọ́ agbádá yẹn síta, bàbá á wá rá pálá wọlé, ó ku bùbá àti ṣòkòtò. Tó bá dé inú yàrá tán, atẹ́gùn á gbé agbádá tẹ̀ lé e, bàbá á tún un wọ̀, ó parí, kò lè gba ẹnu ọ̀nà yẹn jáde mọ́. Bí aró ṣe ń dúró sínú òwú nìyẹn. Kò lẹ̀ mọ́ ọn, ó há sínú ẹ̀ ni. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká má gbàgbé pé gbogbo àlejò kọ́ ló ráyè wọlé. Àwọn kan ṣì wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí agbádá dé, ibẹ̀ ni wọ́n wọ̀ ọ́ sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n jókòó sí. Àwọn yẹn ni omi àkọ́kọ́ tí kọ́sítómà bá fọ aṣọ sí máa kó lọ, tí gbogbo ilé á sì máa pariwo pé àdìrẹ ń ṣí.

Níbí ni ọ̀rọ̀ iyọ̀ ti ń bíni nínú. Gbogbo ibi lèèyàn ti ń rí i: "Ẹ rẹ ẹ́ sínú iyọ̀ àti fínígà, kò ní ṣí mọ́." Fún irú aró tí à ń sọ yìí, iyọ̀ ò ṣe nǹkan kan. Ká tiẹ̀ ní iyọ̀ lè ti ilẹ̀kùn, àwọn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ò kúkú wọlé. Ibi tí ìtàn yẹn ti wá ni pé irú aró míì wà tí wọ́n máa ń da iyọ̀ sí lóòótọ́, inú báfù aró ni wọ́n ti ń dà á sí, kó lè ti aró lọ sára òwú nígbà tí wọ́n ń rẹ ẹ́ lọ́wọ́. Kì í ṣe inú bọ́kẹ́ẹ̀tì kọ́sítómà lẹ́yìn oṣù méjì.

Kí wọ́n lé àwọn ará ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ ni iṣẹ́, kí aṣọ tó kúrò nílé aláró. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ aṣọ sí atẹ́gùn, wọ́n á máa ṣí ìṣẹ́po ẹ̀ títí àwọ̀ ewé ò fi ní kù níbì kankan, torí ẹni tó bá kánjú gbé e sómi, ó ń ṣan èyí tó ti wọlé dà nù nìyẹn. Wọ́n á wá ṣan án lómi, wọ́n á tún ṣan án. Lẹ́yìn náà omi gbígbóná pẹ̀lú ọṣẹ, kó hó díẹ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ ń fò torí gáàsì ti wọ́n. Alábẹ́là rí ti ẹ̀ ṣe níbí o, torí omi híhó tó fi ń yọ àbẹ́là ń bá a kó aró tí ò dúró lọ náà. Wọ́n á tún ṣan án títí omi á fi mọ́. Tó bá gbẹ, wọ́n á fi ìnura funfun tó tutù fi agbára nù ún, tí búlúù bá hàn níbẹ̀, ó tún di omi gbígbóná.

Àwọn ìyá wa ò ní háídírọ́ọ̀sì. Ewé èlú tí wọ́n gún àti omi eérú ni wọ́n ń kó sínú ìkòkò, wọ́n á fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kó lè kan, àwọn kòkòrò tí ojú ò lè rí nínú ẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ háídírọ́ọ̀sì yẹn. Ọdún 1883 ni Adolf von Baeyer, onímọ̀ kẹ́míkà ní Jámánì, ṣàlàyé bí ohun tó wà nínú aró yìí ṣe tò, 1897 ni ilé iṣẹ́ kẹ́míkà BASF bẹ̀rẹ̀ sí í ta èyí tí wọ́n fi kẹ́míkà ṣe. Aláró ilẹ̀ Yorùbá ti ń bọ́ agbádá fún bàbá tipẹ́ kó tó dìgbà yẹn.

Kí ló wá kan títà lórí fóònù? Ní ọjà Ìtòkú l'Abẹ́òkúta, ẹni tó fẹ́ ra á fọwọ́ pa á, á yí i sẹ́yìn wò, á ná an, tó bá ṣí, ó mọ ṣọ́ọ̀bù tó máa pa dà lọ. Ẹni tó rà á láti London ò lè fọwọ́ kàn án wò, inú máṣíìnì ló máa jù ú sí pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun ọkọ ẹ̀, skrínṣọ́ọ̀tì ló máa tẹ̀ lé e. Ìdí nìyẹn tí fọ́tò ẹ̀yìn aṣọ fi ṣe pàtàkì ju fọ́tò ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ: àwọn ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ ní ilé iṣẹ́, tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà, ẹ̀yìn wọn sábà máa ń ṣì ju iwájú lọ, èyí tí wọ́n rẹ lọ́wọ́, aró ti gba tinú-tẹ̀yìn. Ìta gbangba níbi ibòòji ni kí wọ́n ti yà á, torí lábẹ́ gílóòbù búlúù yẹn lè di pọ́pù tàbí àwọ̀ omi òkun, kọ́sítómà á sì ní wọ́n pààrọ̀ aṣọ fún òun.

Kátálọ́ọ̀gì tí WhatsApp àti àwọn ṣọ́ọ̀bù orí íntánẹ́ẹ̀tì ń fúnni, ọlọ́jà bàtà ló bá mu, fọ́tò kan, ìwọ̀n mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún bàtà tó rí bákan náà. Aṣọ kejì tó wọ báfù aró kan náà máa ń ṣì ju àkọ́kọ́, torí agbára aró ti ń dín kù, kò sì séèyàn tó lè di ìko bákan náà lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe ń fún aṣọ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, wọ́n ń ya tiẹ̀ lọ́tọ̀, wọ́n ń yọ ọ́ kúrò bó bá ti tà, ó ń gba àkókò ṣá, àmọ́ ó sàn ju kéèyàn máa tọrọ àforíjì lọ.

Ọ̀rọ̀ iye owó náà tún wà níbẹ̀. Wọ́n á ṣírò aṣọ, aró, ìko, wọn ò ní ṣírò gáàsì tó se omi, ọṣẹ, tánkì omi tí wọ́n rà, àti ọjọ́ tí aṣọ lò lórí okùn. Nígbà òjò, ọjọ́ yẹn lè di púpọ̀, kí wọ́n sì ti sọ ọ́ fún kọ́sítómà kó tó sanwó. Aṣọ tó ṣì ní ọ̀rinrin ò gbọdọ̀ wọ náílọ́ọ̀nù o. Tí wọ́n bá wébíìlì ẹ̀ ní páàkì lọ sí Kánò bẹ́ẹ̀, kó tó débẹ̀ á ti máa rùn, àmì dúdú wẹ́wẹ́ sì lè ti yọ lára ẹ̀, èyí tí ọṣẹ ò ní tètè yọ kúrò.