Sóòkàwéè lórí àpáta: bí ẹ̀gbin ilé ṣe ń rìn ní Abẹ́òkúta

Ní Abẹ́òkúta, kì í ṣe púlọ́ńbà ló ń sọ ibi tí ihò ìgbọ̀nsẹ̀ yóò wà, àpáta ni. Ní Ìkìjà nídìí Olúmọ, kí wọ́n tó gbẹ́ ilẹ̀ jìnnà, dígà lè ti máa dún kán-ín kán-ín lórí òkúta. Àwọn kan á dáná lé e lórí kó lè sán, kí wọ́n tó fi òòlù fọ́ ọ.

Láti ìdí W.C., páìpù ínǹṣì 4 ló ń gbé ìgbọ̀nsẹ̀ jáde, ó sì gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀: ínǹṣì 3 nínú ẹsẹ̀ bàtà 10. Bí kò bá dagẹ̀rẹ̀ tó, ẹ̀gbin á jókòó sínú páìpù. Ìdí nìyí tí W.C. àwọn ilé kan fi wà lórí àtẹ̀gùn méjì bí àga ọba. Wọ́n ti da fáńdéṣọ̀n tán kí wọ́n tó rántí páìpù.

Inú tánkì abẹ́ ilẹ̀ tí páìpù náà ń já sí ni iṣẹ́ gan-an wà. Yàrá méjì ni bíríkìlà máa ń pín in sí, ti àkọ́kọ́ ló sì ń tóbi jù. Ohun tó wúwo á rì, ọ̀rá á léfòó, omi á wà láàárín. Àwọn kòkòrò tí ojú kò lè rí á máa jẹ ohun tó rì náà díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń da búlíìṣì sí W.C. láàárọ̀ lálẹ́, òṣìṣẹ́ ọ̀fẹ́ ló ń pa. Páìpù tó ń gbé omi jáde kúrò nínú tánkì máa ń dojú kọ ìsàlẹ̀, kó lè jẹ́ omi àárín nìkan ni yóò fà, kì í ṣe ọ̀rá.

Omi yìí ló ń lọ sí sóòkàwéè, ihò tí wọ́n to búlọ́ọ̀kù yí ká láìrẹ́ ẹ, kí ilẹ̀ lè máa fa omi mu. Àmọ́ àpáta kì í mumi. Kí wọ́n tó gbẹ́ sóòkàwéè, ó yẹ kí wọ́n gbẹ́ ihò kékeré kan, kí wọ́n pọn omi sí i kí ilẹ̀ rin gbingbin, kí wọ́n tún bu omi sí i lọ́jọ́ kejì, kí wọ́n fi igi sàmì sí ibi tó dé. Bí wákàtí kan bá kọjá tí omi ò kúrò lójú àmì, ibẹ̀ kọ́ ni. Ibi tí àpáta ti sán ló tiẹ̀ burú jù: omi ẹlẹ́gbin á gba ojú sísán náà wọ kànga, láìsí iyẹ̀pẹ̀ tí yóò sẹ́ ẹ. Kí kànga fi mítà 30 jìnnà, ó kéré tán.

Níbi tí ilẹ̀ bá kọ̀ jálẹ̀, tánkì tí wọ́n rẹ́ pa pátápátá ló kù, tí ọkọ̀ yóò máa wá fà. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí ènìyàn 6 bá ń fi omi ṣan W.C. lẹ́ẹ̀mẹrin lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́, tí ìkọ̀ọ̀kan ń gba lítà 9, lítà 216 nìyẹn. Tánkì lítà 5,000 á kún láàárín ọjọ́ 23, a ò tíì ka omi ìwẹ̀. Nítorí náà, omi ìwẹ̀ àti ti ìfọṣọ kò gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀, W.C. tí kì í lo omi púpọ̀ sì dáa jù.

Kí wọ́n tó gbẹ́ tánkì náà, kí wọ́n wo ibi tí ọkọ̀ yóò dúró sí. Ojú ọ̀nà pọ̀ nínú ìlú yìí tó jẹ́ pé ẹsẹ̀ nìkan ló lè gùn ún dé ilé.