Light pollution: kí ló kan àdán nínú iná títì?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà n'Íbàdàn, tí òjò bá ti rọ̀ tílẹ̀ sì ṣú, ẹ lọ dúró lábẹ́ iná sólà kan ní Bódìjà, ẹ ẹ́ rí èsúnsún tó ń yí gílóòbù ká, ìyẹ́ wọn á máa já bọ́ sílẹ̀, àwọn ọmọdé á ti gbé abọ́ omi síbẹ̀. Tó bá yá, òòbẹ̀ kan á fò kọjá fìrì, á gbé ọ̀kan lọ. Èèyàn á ní oúnjẹ ọ̀fẹ́ rèé o. Àmọ́ òòbẹ̀ yẹn ò ṣojú gbogbo ẹbí rẹ̀.

Light pollution ni wọ́n ń pe iná tá a tàn lóru tó kọjá ibi tá a ti nílò rẹ̀, tó ń ṣàn lọ sójú ọ̀run àti sínú igbó. Àwọn àdán tó ń sáré fò níta gbangba lè jẹun nídìí ẹ̀. Àwọn tí apá wọn fẹ̀, tí wọ́n ń rọra fò láàárín ewé, kì í fẹ́ súnmọ́ ọn rárá, torí ibi tí ìmọ́lẹ̀ bá wà ni òwìwí ti lè rí wọn gbé. Ní 2009, àwọn onímọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé iná sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà igi tí àdán kan tí òfin ń dáàbò bò máa ń gbà lọ jẹun, àwọn tó ń gbabẹ̀ sì dín kù gan-an.

Ẹ wá wò ó, ìgbà tílẹ̀ ń ṣú gan-an, bí aago méje lọ́dọ̀ wa, ni kòkòrò kéékèèké máa ń pọ̀ jù lójú afẹ́fẹ́. Àdán tí iná bá ń tàn sí lẹ́nu ihò á jókòó, á máa retí òkùnkùn, nígbà tó bá fi máa jáde ọjà ti tú, ìyá tó sì ń fọ́mọ lọ́mú nínú wọn ni ìyà ẹ̀ máa jẹ jù. Iná yẹn kan náà tún ń fa àfòpiná kúrò nínú òkùnkùn tí àwọn tó ń sá fún iná ti ń ṣọdẹ, bíi kí wọ́n kó gbogbo ata ọjà Bódìjà lọ síbi tí ìyá aláta ò lè dé.

Àwọn àdán tó ń jẹ èso pàápàá ń sá fún iná. Ní Costa Rica wọ́n tan iná sí èso kan tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí ìyèré wa, àwọn àdán já èyí tó wà lókùnkùn ju èyí tó wà nínú iná lọ. Èyí dùn mí gan-an, torí àdán ńlá wa, tí wọ́n máa ń kóra jọ sórí igi ní yunifásítì Ifẹ̀, wà lára àwọn tó ń gbé kóró ìrókò káàkiri, IUCN, àjọ àgbáyé tó ń dáàbò bo ohun abẹ̀mí, sì ti kà á mọ́ àwọn tó ń súnmọ́ ewu.

Ní Netherlands wọ́n rí i pé iná pupa ò dí àwọn àdán tó ń sá fún iná lọ́wọ́ bíi funfun. Ẹni tí iná fẹ́ǹsì rẹ̀ bá dojú kọ igi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orí ẹ̀ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ẹnubodè ló yẹ kó máa tàn sí.