Ìbọn tí wọ́n là nídìí: bí Snáídà ṣe bẹ̀rẹ̀, títí ó fi dé Kírìjì

Ọdẹ ni bàbá mi àgbà, ṣakabùlà sì ni ìbọn rẹ̀. Tó bá fẹ́ kì í, á gbé e nàró, á wọn ẹ̀tù sí àtẹ́lẹwọ́, á rọ ọ́ sí ẹnu ìbọn, á ki ìhá lé e, á fi ọ̀pá gún un mọ́lẹ̀, á wá da ọta sí i, á tún ki ìhá, á tún gún un. Kó tó ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹran tó kọ́kọ́ yìnbọn fún ti wọgbó lọ. Ohun tó ń yọ ọdẹ Ìjẹ̀ṣà lẹ́nu yìí náà ló ń yọ ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu. Ẹnu ni wọ́n ń gbà ki ìbọn Enfield tí wọ́n gbé jáde ní 1853, ẹni tọ́wọ́ rẹ̀ yá kò sì lè yìn ju ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lọ ní ìṣẹ́jú kan.

Ní 1864, àwọn ará Prussia, ìjọba Jámánì kan láyé ìgbà náà, ko Denmark lójú pẹ̀lú ìbọn tí wọ́n ń ki láti ìdí. Ọmọ ogun wọn lè dọ̀bálẹ̀ kó sì máa ki ìbọn lọ, nígbà tí ẹni tó ń ki tirẹ̀ lẹ́nu ní láti dìde dúró, kí ọta sì bà á. Àyà Gẹ̀ẹ́sì já. Ṣùgbọ́n Enfield ti kún ilé ìkóhun-ìjà wọn, ta ni yóò kó gbogbo rẹ̀ dànù? Ni wọ́n bá kéde pé kí ẹni tó bá mọ bí a ṣe lè sọ ìbọn àkì-lẹ́nu di àkì-nídìí jáde wá. Nínú gbogbo ọgbọ́n tí wọ́n gbé wá, ti Jacob Snider ni wọ́n mú.

Ẹ dúró síbi Snider yìí kẹ́ ẹ bá mi wò ó. Ará Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni, wáìnì ló ń tà. Báwo ni oníwáìnì ṣe mọ ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ ìbọn kò mọ̀? Èrò tèmi ni pé inú àgbá wáìnì ló ti rí i. Ẹni tó ń ta wáìnì mọ̀ pé ojú ibi tí wọ́n gbà rọ ọ́ sínú àgbá kọ́ ni dandan kí wọ́n máa gbà fà á jáde. Àwa Yorùbá gan-an, àgbá là ń pe ohun tí wọ́n ń rọ ọtí sí, àgbá náà là ń pe ìbọn ńlá tí ń dún bí àrá. Àwọn baba wa ti rí i pé ọmọ ìyá ni àwọn méjèèjì. Àwọn kan ń gbé oyè náà fún Schneider ará Paris. Wọ́n kú iṣẹ́. Orúkọ Snider ló wà lára ìbọn, òun náà ni àwa ń pè ní Snáídà.

Ohun tí wọ́n ṣe nìyí: wọ́n gé bí íǹṣì méjì àbọ̀ kúrò lókè ìdí agolo ìbọn, wọ́n fi irin kan dí i bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sọ́wọ́ ọ̀tún. Wọn ò yọ òòlù àtijọ́ kúrò. Dípò bàbà kékeré tí wọ́n ń dé sórí ọmú ìbọn bí fìlà, abẹ́rẹ́ irin kan gba inú ilẹ̀kùn náà kọjá ní ìdàgẹ̀rẹ̀, òun ni òòlù ń lù kó lè gún ìdí kátíríìjì, ìyẹn ọta àti ẹ̀tù tí wọ́n ti dì pọ̀. Tó bá ti dún tán, wàá ṣí ilẹ̀kùn, wàá fà á sẹ́yìn, á wọ́ pádi idẹ, èèpo kátíríìjì tó ṣẹ́kù, jáde, wàá dorí ìbọn kodò, pádi á jábọ́. Ó di ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan.

Kátíríìjì àkọ́kọ́ kò rìn tààrà. Boxer, ọ̀gá kan ní Woolwich níbi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ń ṣe ohun ìjà, ló tún un ṣe: idẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ká bí ẹní, tó ń wú nígbà tí ẹ̀tù bá gbiná, tó sì ń dí ìdí ìbọn kí iná má baà sá sí ojú ẹni tó ń yìn ín. 1866 ni ìjọba gba ìbọn yìí. Ọdún náà ni Snider kú, níbi tó ti ń lé owó rẹ̀ kiri lọ́dọ̀ wọn. Ó ń dùn mí.

  

Bí àwọn òpìtàn ìbọn bá fẹ́ sọ ibi tí Snáídà ti fi ara rẹ̀ hàn, Ethiopia ní 1868 ni wọ́n máa ń dárúkọ. Ogun kúkúrú nìyẹn. Kírìjì ni kí wọ́n wá bi. Nínú ogun Kírìjì yìí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Èkìtì Parapọ̀, àpapọ̀ ọmọ ogun Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà, àti Ìbàdàn dojú kọra láàárín Ìgbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé. Ìbàdàn pọ̀, wọ́n gbóná, ṣùgbọ́n ṣakabùlà ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tó wà l'Ékòó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n ń ra Snáídà, wọ́n ń fi ránṣẹ́ sílé fún Ọ̀gẹ̀dẹ̀ǹgbé àti Fábùnmi, àwọn olórí ogun wọn. Ìbọn tí Gẹ̀ẹ́sì là nídìí nítorí Prussia ló dá Ìbàdàn dúró lórí òkè wa. Orúkọ ogun náà gan-an, ìró ohun ìjà ló fún un: kí-rì-jì, kí-rì-jì, bí òkè ṣe ń dá a padà. Ìbàdàn náà wá tiwọn kiri nígbà tó yá. Látóósà, olórí ogun Ìbàdàn, kú sí ibùdó ní 1885, wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní 1886, ibùdó tú ní 1893.

Gẹ̀ẹ́sì ti bọ́ sórí Martini-Henry láti 1871. Snáídà kò pẹ́ lọ́wọ́ wa, torí inú ọkọ̀ òkun ni kátíríìjì rẹ̀ ti ń wá. Ṣakabùlà ṣì wà lọ́wọ́ ọdẹ dòní: alágbẹ̀dẹ lè rọ ọ́, ọdẹ sì lè fọwọ́ ara rẹ̀ po ẹ̀tù rẹ̀.