Ọgbà àjàrà Cape Town: ìdáhùn fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ lọ wò ó

Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá ti sọ pé Cape Town lòun ń lọ, kò ní pẹ́ tí ọ̀rọ̀ á fi dórí àwọn ọgbà àjàrà ibẹ̀, àwọn oko tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì, ìbéèrè á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá. Èyí tí mo ń gbọ́ jù rèé pẹ̀lú ìdáhùn wọn. Àwọn kan gùn, àwọn kan ò gùn, ẹ ṣáà fara dà á.

Ìbéèrè: Mo rí "Coastal Region" lára ìgò wáìnì South Africa, àmọ́ mo wo fọ́tò Stellenbosch tó wà nítòsí Cape Town títí, òkè ni mò ń rí. Òkun ọ̀hún dà?

Ìdáhùn: Ojú yín ò tàn yín, òkè lẹ máa rí lóòótọ́. Coastal Region jẹ́ orúkọ tí òfin wáìnì South Africa fún agbègbè ńlá tó yí Cape Town ká, wọ́n sì ti ń lo ètò yẹn láti 1973 kí ẹni tó bá ra ìgò lè mọ ibi tí èso àjàrà inú ẹ̀ ti wá. Stellenbosch wà lábẹ́ ẹ̀, Paarl àti Franschhoek náà wà lábẹ́ ẹ̀, Constantia tó jẹ́ pé inú ìlú Cape Town gan-an ló wà náà wà níbẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ oko yìí ẹ ò ní rí òkun rárá, àmọ́ atẹ́gùn òkun ń dé bá wọn, iṣẹ́ tó sì ń ṣe níbẹ̀ ò kéré.

Omi tó wà lápá ìwọ̀ oòrùn Cape Town tutù ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ, torí omi òkun tútù kan tí wọ́n ń pè ní Benguela ló ń ṣàn gba ibẹ̀, apá gúúsù ló sì ti ń gbé òtútù bọ̀. Ẹni tó ti máa ń wẹ̀ létíkun Lẹ́kì tó wá ki ẹsẹ̀ bọ omi Camps Bay, á ké. Oòrùn ibẹ̀ mú dáadáa, tó bá jẹ́ oòrùn nìkan ló wà èso àjàrà á kàn tètè pọ́n ni, ṣúgà á pọ̀ nínú ẹ̀, kíkan díẹ̀ tó yẹ kó wà lára ẹ̀ á ti lọ. Àmọ́ tó bá ti di ọ̀sán, atẹ́gùn tútù á fẹ́ wọlé látorí òkun, èso yẹn á rọra pọ́n, á dùn, á sì tún kan díẹ̀, ohun tí wáìnì ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi mọ Constantia, tó sún mọ́ omi, mọ wáìnì funfun, pàápàá sauvignon blanc, tí Paarl tó wọnú ilẹ̀ lọ tó sì gbóná jù ú lọ fi ń ṣe pupa tó le lẹ́nu.

Atẹ́gùn kan tún wà tó máa ń fẹ́ láti gúúsù ìlà oòrùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, Cape Doctor ni wọ́n ń pè é, torí àwọn ará àtijọ́ gbà pé ó máa ń gbá àìsàn kúrò nínú ìlú. Ó máa ń gbẹ ara àjàrà kí èso má baà bu, àmọ́ tínú bá bí i, á ṣẹ́ ẹ̀ka. Fìlà yín náà ò ní dúró lórí.

Ìbéèrè: Oṣù wo ló dáa jù? Disẹ́ńbà ni líìfù mi.

Ìdáhùn: Disẹ́ńbà ò burú o, àmọ́ gbogbo ayé ló ń ya lọ síbẹ̀ nígbà yẹn, hótẹ́ẹ̀lì á wọ́n, èrò á pọ̀. Òdìkejì ti Yúróòpù sì ni àsìkò ibẹ̀, ẹ rántí, Disẹ́ńbà sí Fẹ́búárì ni ooru ń mú, Júùnù sí Ọ́gọ́ọ̀sì ni òtútù àti òjò. Wọ́n máa ń bẹ̀rẹ̀ ìkórè àjàrà láti ìparí Jánúárì, á sì wọ Máàṣì, àwọn oko kan tiẹ̀ máa ń dé Épírì. Lójú tèmi, Máàṣì ni kẹ́ ẹ lọ tẹ́ ẹ bá lè yí líìfù yẹn padà, ooru á ti rọlẹ̀ díẹ̀, ẹ ṣì lè bá wọn níbi tí wọ́n ti ń kó èso wọlé tí gbogbo ilé iṣẹ́ wáìnì ń ta sánsán. Tẹ́ ẹ bá lọ ní Júláì, igi àjàrà á wà níhòòhò, kò ní ewé kankan, fọ́tò yín ò ní dáa, àmọ́ wọ́n máa ń dáná sínú ilé fún àlejò, ẹ sì máa ráyè jókòó bá ẹni tó ń bu wáìnì fún yín sọ̀rọ̀ dáadáa. Ẹ mú súwẹ́tà dání o, nígbà ooru pàápàá, torí alẹ́ ibẹ̀ máa ń tutù.

Ẹni tó bá fẹ́ pa wáìnì pọ̀ mọ́ wíwo ẹja àbùùbùtán, kó fi í sí nǹkan bíi Sẹ̀tẹ́ńbà, kó sì lọ sí Hermanus, ó tó 120 kìlómítà láti Cape Town. Àbùùbùtán máa ń wá sí etíkun ibẹ̀ láti Júùnù sí Nòfẹ́ńbà, èèyàn á sì dúró sórí àpáta lásán kó máa wò wọ́n, kò nílò ọkọ̀ ojú omi. Àfonífojì Hemel-en-Aarde wà lẹ́yìn ìlú yẹn, wáìnì pinot noir àti chardonnay ni wọ́n fi ń yangàn.

Ìbéèrè: Oko mélòó la lè lọ lójọ́ kan? Ẹnì kan fún mi ní lístì oko mẹ́jọ.

Ìdáhùn: Ẹni yẹn fẹ́ fi yín ṣeré ni. Ẹ ṣe méjì, tó bá pọ̀ jù ẹ ṣe mẹ́ta, àfonífojì kan ṣoṣo lójọ́ kan. Ní oko kọ̀ọ̀kan wọ́n lè bu oríṣi wáìnì mẹ́rin sí mẹ́fà fún yín, díẹ̀ díẹ̀ ni lóòótọ́, àmọ́ tó bá fi máa di oko kẹta ẹnu yín ò ní mọ ìyàtọ̀ mọ́, gbogbo ẹ̀ á kàn máa jọra wọn, owó lẹ kàn ń ná nìyẹn. Stellenbosch tó nǹkan bíi 50 kìlómítà sí Cape Town, Franschhoek tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, Constantia ò ju ìrìn ìdajì wákàtí lọ láti àárín ìlú tí ò bá sí gó-síló. Ẹni tó ní ọjọ́ kan péré, kó lọ Constantia, kó má dààmú ara ẹ̀.

Ẹ má fi ọkọ̀ tẹ́ ẹ rẹ́ǹtì wa ara yín kiri lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti mu ún o. Ọlọ́pàá ibẹ̀ máa ń ní kéèyàn fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ, ìwọ̀n tí òfin gbà ò sì pọ̀, 0.05 gíráàmù nínú 100 mílílítà ẹ̀jẹ̀. Ọwọ́ òsì ni wọ́n ń gbà wakọ̀ níbẹ̀, ẹ ò wá ní fi ọtí kún un. Ẹ gba dírẹ́bà fún ọjọ́ kan, tàbí kẹ́ ẹ lo Uber. Ní Franschhoek, tíráàmù kan wà tó ń gbé èèyàn láti oko dé oko, ẹ bọ́ sílẹ̀ níbi tó wù yín, òmíràn á tún wá gbé yín, àwọn àgbàlagbà máa ń gbádùn ẹ̀ gan-an. Tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀ máa ń tètè tán, ẹ ti ilé rà á.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, oko pọ̀ jù, orúkọ wọn ò ṣeé pè. Èwo gan-an ni kí n yàn?

Ìdáhùn: Àbúrò, yan èyí tó bá ní ìtàn. Bẹ̀rẹ̀ láti Groot Constantia. Simon van der Stel tó jẹ́ gómìnà Cape fún àwọn ará Dọ́ọ̀ṣì ló gba ilẹ̀ yẹn ní 1685, wáìnì dídùn ibẹ̀ sì lókìkí débi pé nígbà tí wọ́n lé Napoleon lọ sí erékùṣù St Helena, òun ló ń mu níbẹ̀ títí tó fi kú ní 1821. Klein Constantia tó wà nítòsí tún jí wáìnì yẹn dìde lẹ́yìn tó ti parẹ́ fún ìgbà pípẹ́, Vin de Constance lorúkọ ẹ̀. Ó wọ́n o, tọ́ ọ wò níbẹ̀ ká tó máa sọ̀rọ̀ ìgò.

Àmọ́ má kàn wo ilé funfun tó rẹwà yẹn kó o máa ya fọ́tò nìkan. Ọjọ́ 2 oṣù Fẹ́búárì 1659 ni wọ́n kọ́kọ́ fún àjàrà ṣe wáìnì ní Cape, ọdún tó ṣáájú ìyẹn, 1658, ni ọkọ̀ òkun kan tó ń jẹ́ Hasselt já àwọn ẹrú sílẹ̀ níbẹ̀, etíkun Popo ni wọ́n ti kó wọn, ilẹ̀ tó di orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ìtòsí wa níbí. Àwọn tó pọ̀ jù lẹ́yìn ìyẹn wá láti Madagascar, Mozambique, Íńdíà àti Indonéṣíà. Àwọn ẹrú ló gbin àjàrà yẹn, àwọn ló kọ́ ilé yẹn. Wọ́n fòpin sí oko ẹrú ní 1834, ó sì di 1838 kí wọ́n tó dòmìnira gan-an, síbẹ̀ àwọn olóko tún wá ń fi wáìnì san apá kan owó iṣẹ́ fún lébìrà, dop ni wọ́n ń pè é, ó sọ ọ̀pọ̀ ìdílé di ọ̀mùtí, ìpalára ẹ̀ ṣì wà lára àwọn ọmọ tí wọ́n ń bí títí dòní. Mọ̀ ọ́n kó o tó gbé ife.

Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ pé kí oko kejì jẹ́ ti aláwọ̀ dúdú. Ní Franschhoek, ó wà: Klein Goederust. Paul Siguqa ló ni ín, ìyá ẹ̀ ṣe lébìrà nínú ọgbà àjàrà ní agbègbè yẹn fún ọ̀pọ̀ ọdún, òun náà tu owó jọ, ó ra oko, ó ṣí i fún àlejò ní 2021. Wá wáìnì Ntsiki Biyela náà, Aslina, orúkọ ìyá ìyá ẹ̀ ló fi sọ ọ́. KwaZulu-Natal ló dàgbà sí, kò tíì tọ́ wáìnì wò rí kó tó rí sikọ́láṣíìpù gbà láti lọ kọ́ ọ ní Stellenbosch, òun ni ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń pè ní obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó ń ṣe wáìnì ní South Africa.

Tó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ń tẹ̀ lé ọ, mú wọn lọ Vergenoegd, lọ́nà Stellenbosch. Pẹ́pẹ́yẹ ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Wọ́n á tò gbọọrọ, wọ́n á wọnú ọgbà lọ jẹ ìgbín kéékèèké tó ń ba ewé àjàrà jẹ́. Àwọn ọmọ ò ní fẹ́ kúrò níbẹ̀.

Ìbéèrè: Mùsùlùmí ni mí, mi ò mutí. Ṣé kí n jókòó sílé nígbà táwọn ọ̀rẹ́ mi bá lọ?

Ìdáhùn: Rárá o. Oúnjẹ, òkè, òdòdó, ìtàn, gbogbo ẹ̀ wà níbẹ̀ fún yín. Àwọn oko kan máa ń ní omi èso àjàrà tí kì í ṣe ọtí, ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó lọ. Fairview ní Paarl ní wàràkàṣì tiẹ̀, ilé gogoro kan sì wà níbẹ̀ táwọn ewúrẹ́ ń gùn yí ká lọ sókè bí ẹni ń lọ sílé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì.

Ìbéèrè: Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń tu wáìnì dànù? Ìwà kí nìyẹn, nǹkan tí wọ́n fowó rà?

Ìdáhùn: Wọ́n ń tu ú o, wọ́n tiẹ̀ ń gbé ife ńlá kan síwájú yín fún un, kò sẹ́ni tó máa bínú. Ẹ gbọ́ òórùn ẹ̀ ná, ẹ mu díẹ̀, ẹ yí i káàkiri ẹnu, kẹ́ ẹ gbé e mì tàbí kẹ́ ẹ tu ú. Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni ìyàtọ̀, torí èso kan náà láti oko méjì kì í dùn bákan náà, bí ẹmu àárọ̀ àti ẹmu ìrọ̀lẹ́ kò ṣe rí bákan náà lẹ́nu. Ẹ béèrè pinotage, oríṣi àjàrà kan ni, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa dé ibẹ̀ tẹ́ ẹ ò ní tọ́ ọ wò, Perold, ọ̀jọ̀gbọ́n kan ní Stellenbosch, ló fi àjàrà méjì, pinot noir àti cinsaut, bí i ní 1925. Àwọn kan ò fẹ́ràn ẹ̀, èmi fẹ́ràn ẹ̀.

Ìbéèrè: Owó, físà, gbígbé ìgò wálé ńkọ́?

Ìdáhùn: Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ń gba físà, ẹ tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Johannesburg ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbà, láti ibẹ̀ sí Cape Town tó wákàtí méjì nínú bàálù. Ẹ máa sanwó ìtọ́wò ní oko kọ̀ọ̀kan, àwọn kan á yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá ra ìgò. Ẹ pè wọ́n ṣíwájú kí wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún yín, pàápàá ní òpin ọ̀sẹ̀. Ìgò tẹ́ ẹ bá rà, inú báàgì tó ń lọ sábẹ́ bàálù ni kẹ́ ẹ fi sí, ẹ fi aṣọ wé e dáadáa, torí tẹ́ ẹ bá gbé e dání dé ibi àyẹ̀wò nígbà tẹ́ ẹ bá ń kúrò ní orílẹ̀-èdè yẹn, wọ́n á gbà á lọ́wọ́ yín ni, omi tó bá ju 100 mílílítà lọ ò gbọdọ̀ kọjá.