Amarone àti Ripasso: Ọtí Méjì Lórí Èérí Kan

Àríwá ìlú Verona ní Ítálì ni àwọn òkè Valpolicella wà. Èso àjàrà kan náà ni wọ́n fi ń ṣe Amarone àti Ripasso níbẹ̀. Corvina ló ń ṣáájú, Corvinone àti Rondinella ń tẹ̀ lé e. Ohun tí wọ́n ń ṣe sí èso náà lẹ́yìn ìkórè ló sọ wáìnì yìí di méjì.

Amarone ló gba sùúrù. Nígbà tí wọ́n bá já èso rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án tàbí ìkẹwàá, wọn kì í fún omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n á tẹ́ ẹ sórí pẹpẹ ọparun tàbí sínú àpótí pẹlẹbẹ, nínú àká tí atẹ́gùn ń fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá. Oòrùn kò gbọ́dọ̀ pa á. Ibẹ̀ ló máa wà fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, tí omi ara rẹ̀ á máa gbẹ, tí á sì fúyẹ́ tó ìdá 30 sí 40 nínú 100. Èèpo Corvina nípọn, ó lè fara dà á, ṣùgbọ́n bí ojú ọjọ́ bá rin jù, èso á bu, iṣẹ́ ọdún kan sì lè ṣòfò.

Inú òtútù ni wọ́n ń tẹ èso gbígbẹ yìí. Ìwúkàrà á rọra máa jẹ ṣúgà rẹ̀ títí tí yóò fi kù díẹ̀ kó tán. Bí wọ́n bá dá a dúró lágbedeméjì, wáìnì dídùn tó ń jẹ́ Recioto ló máa dà. Bí wọ́n bá jẹ́ kó parí, Amarone ni. Òfin ní agbára ọtí rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín sí ìdá 14 nínú 100, àmọ́ ó sábà máa ń dé 15 tàbí 16. Ó gbọ́dọ̀ pé ọdún méjì kó tó jáde. Ti Riserva, ìyẹn Amarone tí wọ́n fi pamọ́ pẹ́ jù, jẹ́ mẹ́rin.

Èérí Amarone, ìyẹn èèpo àti kóró àjàrà tó kù lẹ́yìn tí wọ́n ti fa wáìnì kúrò, ni Ripasso ń jẹ. Kì í ṣe bí èérí ògì tí a ń kó fún ẹran: ṣúgà, àwọ̀ àti ìwúkàrà ṣì kún inú rẹ̀. Wọ́n á da wáìnì Valpolicella lásán, tí wọ́n fi èso tútù ṣe, lé e lórí fún ọjọ́ mélòó kan. Yóò tún hó. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú sí i, agbára rẹ̀ á ga, adùn èso gbígbẹ á sì wọ inú rẹ̀. Ilé iṣẹ́ Masi ló fi ìkórè ọdún 1964 gbé ọ̀nà yìí dé ọjà pẹ̀lú wáìnì rẹ̀ tó ń jẹ́ Campofiorin. Òfin kò sì gbà kí Ripasso pọ̀ ju ìlọ́po méjì wáìnì tí wọ́n ti rí èérí náà.

Àwọn oníṣòwò máa ń pe Ripasso ní Amarone kékeré. Àpọ́njù ni. Ọtí oúnjẹ ojoojúmọ́ ni, ó bá pásítà ọlọ́bẹ̀ ẹran mu, ọdún díẹ̀ ló sì dára jù láti fi mu ún. Amarone tó dára lè lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ìgò.