Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá

Iṣan ẹ̀jẹ̀ àtọwọ́dá jẹ́ ọ̀pá oníhò tí àwọn oníṣẹ́ abẹ fi ń rọ́pò iṣan tó dí, tó ya tàbí tó wú. Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀, èyí tí àwọn oníṣègùn ń pè ní stem cell, ni sẹ́ẹ̀lì tí kò tíì ní iṣẹ́ kan pàtó, tó sì lè di oríṣiríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Wọ́n ń lò ó kí ẹ̀jẹ̀ má baà dì sínú ọ̀pá náà.

Aṣọ àti ike

Ní ọdún 1952, Arthur Voorhees àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní New York kọ̀wé lórí iṣan tí wọ́n fi aṣọ Vinyon N ṣe. Láàárín ọdún díẹ̀ sígbà náà, Michael DeBakey, oníṣẹ́ abẹ, wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Houston, ó ń wá náílọ́ọ̀nù. Náílọ́ọ̀nù ti tán. Ó ra Dacron, irú aṣọ polyester kan, dípò rẹ̀, ó gé e nílé, ó sì fi maṣíìnì ìyàwó rẹ̀ rán etí rẹ̀ pọ̀ di ọ̀pá. Dacron ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ dòní, òun àti ePTFE, ike kan tó bá Teflon inú páànù tan.

Nínú iṣan ńlá, níbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń ṣàn gidigidi, méjèèjì ń ṣe dáadáa. Ibi tí wàhálà wà ni iṣan tí ihò rẹ̀ kò tó mìlímítà 6: ẹ̀jẹ̀ á dì sínú rẹ̀, tàbí kí ẹran máa hù lójú ìránpọ̀ títí yóò fi dí pa. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yọ iṣan ẹsẹ̀ aláìsàn fúnra rẹ̀ fún iṣẹ́ abẹ ọkàn, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbogbo èèyàn ni tirẹ̀ ṣì dára. Ohun tí ike kò ní ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ìpele sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tó tẹ́ inú iṣan àdámọ́ni, tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì.

Àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń bẹ ọ̀wẹ̀

Lọ́dún 1997, ẹgbẹ́ Takayuki Asahara fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tó lè di awọ yìí ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà. Lọ́dún 2001, àwọn onímọ̀ kan fi irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ tẹ́ inú iṣan ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n ti fọ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ dànù, wọ́n sì rán an mọ́ àgùntàn. Èyí tó ní sẹ́ẹ̀lì là fún 130 ọjọ́. Òfìfo dí láàárín ọjọ́ 15.

Ní Tokyo, oníṣẹ́ abẹ Toshiharu Shinoka ti fi ọ̀pá tó ń yọ́ sínú ara, tí wọ́n gbin sẹ́ẹ̀lì sí, ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọbìnrin ọlọ́dún 4 kan lọ́dún 1999. Sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tọ́jú dàgbà máa ń gba ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, nítorí náà wọ́n yí sí sẹ́ẹ̀lì inú mùdùnmúdùn eegun tí wọ́n fà lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an. Ọ̀pá náà fún mọ́ra lára àwọn aláìsàn kan, wọ́n sì ní láti fi bàlúùnù là á.

Gbogbo ayé rò pé sẹ́ẹ̀lì mùdùnmúdùn ló ń di iṣan tuntun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 2010, àyẹ̀wò lára èkúté tí Shinoka àti Christopher Breuer lọ́wọ́ sí ní Yunifásítì Yale, Amẹ́ríkà, fi hàn pé sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n gbìn ń pòórá láàárín ọjọ́ mélòó kan. Kí wọ́n tó lọ, wọ́n ti tú èròjà tó ń pe sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ jọ, sẹ́ẹ̀lì ara èkúté náà fúnra rẹ̀ ló sì wá mọ iṣan ọ̀hún. Ó dà bí ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀, tó ti kúrò lóko kí iṣẹ́ tó parí.

Lọ́dún 2024, ẹgbẹ́ James Thomson ní Wisconsin, Amẹ́ríkà, fi sẹ́ẹ̀lì awọ iṣan tí wọ́n mú jáde látara sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ bo inú ọ̀pá ePTFE tẹ́ẹ́rẹ́. Ike yẹn kì í gba nǹkan mọ́ra, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ fi dopamine àti vitronectin, èròjà méjì tó ń jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì lẹ̀ mọ́ ọn, kùn ún. Ọ̀pá náà ṣiṣẹ́ fún oṣù 6 lára àwọn ọ̀bọ, sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ fúnra rẹ̀ sì gba ipò lọ́wọ́ àlejò.

Symvess, iṣan àtọwọ́dá tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 fún iṣan apá tàbí ẹsẹ̀ tó fara gbọgbẹ́, gba ọ̀nà míì. Sẹ́ẹ̀lì ẹlòmíràn ló hun ún ní yàrá àyẹ̀wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n fọ gbogbo sẹ́ẹ̀lì náà kúrò, kí ọ̀pá náà lè wà ní ìkáwọ́ dókítà láìdúró de ẹnikẹ́ni.